Bí Mo Ṣe Di Ẹni Ńlá ní Ìlú Ìkúùkù

Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún mi nídìí iná yẹn. Òjò ló lé gbogbo wa wọ inú àgbẹ̀dẹ yìí, ìbọn mi ṣì wà lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, òjò náà kò sì ṣe bí ẹni tó fẹ́ dá, nítorí náà kò sí ẹni tó ń lọ síbì kan nínú wa. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ni mo ti ń gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Adégbìtẹ́ fẹ́ di kánsẹ́lọ̀, ó ń bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè ohun tí ènìyàn ń ṣe kí àwọn àgbà òṣèlú tó lè máa gbọ́ tirẹ̀. Tíṣà Mopélọ́lá ń ráhùn pé bí òun bá sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé ilé-ìwé wọn, bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu òun tó tún un sọ, wọ́n á ní ọlọ́gbọ́n ni. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ sinmi ariwo. Ẹni tí ẹ ń wá ló jókòó tì yín yìí.

Èmi ni Ọdẹ́rìnlọ, ọmọ Akínwándé, ọdẹ tí àwọn ẹranko fi ń dẹ́rù ba ọmọ wọn. Mo ti pa ẹfọ̀n tó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Mo ti bá iwin jìjàkadì títí tó fi bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun lọ fún ọmọ òun lọ́mú. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe nǹkan kan. Ohun tí mo fi ju gbogbo ọdẹ ilẹ̀ yìí lọ ni pé mo ti joyè ní ìlú tí àwọn tí kò ní ẹ̀jẹ̀ lára ti ń joyè, ọba tí kì í lajú sì lajú nítorí mi. Bí o bá fẹ́ mọ bí a ti ń di ẹni ńlá, Adégbìtẹ́, èmi ni kí o bi. Ṣùgbọ́n ẹ má múra ẹ̀rín sílẹ̀. Ìtàn yìí kò dùn, èmi tí mò ń sọ ọ́ gan-an, inú mi máa ń bàjẹ́ bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àbúrò mi kan ṣoṣo, ẹni tí ìyá wa bí tẹ̀lé mi, ni Akínṣọwọ́n. Ọdẹ ni òun náà. Lọ́jọ́ kan ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Igbó Àìdáhùn. Ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀: bí o bá kígbe níbẹ̀, igbó náà kò ní dá ohùn rẹ padà fún ọ. Ìkúùkù sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó funfun, ó tutù, ó nípọn débi pé ọdẹ kò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn yòókù wálé. Akínṣọwọ́n kò wálé.

A wá a títí, a kò rí i. Nígbà tó pẹ́, ẹgbẹ́ ọdẹ wá bá ìyá wa pé kí a ṣe ìṣípà fún un, ètùtù ìkẹyìn tí à ń ṣe fún ọdẹ tó kú. Ìyá wa, Àwẹ̀ró, jókòó sórí ẹní, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní ẹni tó bá ṣípà ọmọ òun láì tíì rí òkú rẹ̀, òun á tú aṣọ lára níwájú olúwa rẹ̀. Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ. Ó wá pè mí.

"Ọdẹ́rìnlọ, ara mi ti ń sọ fún mi," ó wí. "Lọ mú àbúrò rẹ wá, kó wá bá ọ sin mí."

Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo mú àpò, mo fi ẹsẹ̀ lé ọ̀nà.

Ohun tí ojú mi rí nínú Igbó Àìdáhùn, bí mo bá ní kí n sọ gbogbo rẹ̀, òjò yìí á dá, ẹ̀ẹ̀rùn á sì wọlé dé. Mo pàdé ẹ̀dá kan tó jẹ́ pé ìpàkọ́ ni ojú rẹ̀ wà, ó ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun wo ohun tó wà níwájú òun. Mo bá a wò ó, ó sì la ẹnu láti gbé mi mì, mo wá fi ìdí ìbọn lù ú títí òun fúnra rẹ̀ fi mọ ibi tí iwájú wà. Mo la odò kan kọjá tí omi rẹ̀ ń sunkún bí opó. Mo sùn lábẹ́ igi kan tó ń pe orúkọ mi, n kò dá a lóhùn, nítorí ọdẹ kì í jẹ́ ìpè tí kò mọ orísun rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ẹnu ibodè Ìlú Ìkúùkù, ìbọn mi di igi lásán, ọfọ̀ mi sì di ìsọkúsọ.

Ẹ̀dá kan dúró síbẹ̀ tó ga bí ọ̀pẹ. Ó ti dúró pẹ́ débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ta gbòǹgbò wọlẹ̀. Àwọn ìjòyè iwin ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó wo ojú rẹ̀. Egungun ènìyàn wà káàkiri nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó bojú wolẹ̀, ó wò mí.

"Ọdẹ, ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi ọ́," ó wí. "Ọba ló ni ìlú, èmi ni mo di ilẹ̀kùn mú. Ta ni o bẹ̀rù nínú àwa méjèèjì?"

Mo wo àwọn egungun náà. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wọn ti dáhùn pé ọba, àwọn kan ti dáhùn pé òun, kò sì sí èyí tó gbà wọ́n. Mo fi ìbọn sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Baba, ẹ kú ìdúró. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

Nígbà tí yóò fi dáhùn, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dúró síbẹ̀, kò sí ẹni tó béèrè ẹsẹ̀ òun rí. Mo yọ òrí nínú àpò mi, mo jókòó, mo fi pa gbòǹgbò wọ̀nyẹn fún un títí ọwọ́ mi fi ro mí.

Adégbìtẹ́, o ń rẹ́rìn-ín. Níjọ́sí tí o lọ sí sẹkitéríàtì, ṣé o kí máìgádì? O gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tó rí òpó. Ọ̀gá tí ò ń wá wà lókè, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ bóyá ọ̀gá wà nílé, tó mọ irú ojú tó fi jí, tó mọ ẹni tó wá bá a lánàá, ìsàlẹ̀ ló wà. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Máa rẹ́rìn-ín lọ.

Onílẹ̀kùn náà sọ fún mi pé Akínṣọwọ́n wà nínú ìlú, pé ó wà láàyè. Ó wá sọ òfin ìlú náà fún mi, kí ẹ sì tẹ́tí sí i dáadáa, nítorí òfin yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ó ní níbẹ̀, a kì í fi ọjọ́ orí mọ àgbà. Bí àwọn ìyàwó ilé ṣe ń fi ọjọ́ tí wọ́n wọlé ọkọ mọ ìyálé àti ìyàwó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ń fi ọjọ́ ìwọ̀lú mọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹni tó bá ṣáájú wọ ibodè ni ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá kẹ́yìn ni àbúrò, ì báà ṣe bàbá ló kẹ́yìn ọmọ. Ẹni tó bá ti wọlé kì í jáde mọ́, àfi lọ́nà kan: kí ẹni tó kẹ́yìn rẹ̀ wọlé dọ̀bálẹ̀ fún un níwájú ọba, kí ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa lọ sílé." Ẹni tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún á lọ, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ á dúró. Ṣùgbọ́n ojú ọba gbọ́dọ̀ là nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, ojú ọba kò sì ní là àyàfi bí gbogbo ìgbìmọ̀ bá fẹnu kò pé kó lajú. Ìgbìmọ̀ náà kò fẹnu kò lórí nǹkan kan rí.

Mo rò ó wò. Mo ní bí mo bá dọ̀bálẹ̀ fún Akínṣọwọ́n, yóò lọ sin ìyá wa, èmi yóò dúró. Mo ti jẹun, mo ti mu omi láyé. Mo gbé ìbọn mi, mo wọlé.

Ìlú náà kò ní oòrùn, kò ní òṣùpá. Ojúmọ́ ibẹ̀ dà bí ìdájí tí kò fẹ́ mọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ará ìlú ń ṣe, iṣẹ́ ọba: wọ́n ń fún ìkúùkù jáde lára ewé tútù, wọ́n ń rọ ọ́ sínú ìkòkò, àwọn ìjòyè á sì gbé e jáde lọ tú sórí igbó kí àwọn ọdẹ lè ṣìnà wọ ìlú náà. Bí ènìyàn bá ti ń fún ewé pẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń di ìkúùkù díẹ̀díẹ̀, láti orí ìka dé ọrùn ọwọ́, dé ìgúnpá, títí ara á fi tán. Lọ́jọ́ tí mo dé, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níwájú mi túká lójú mi. Agbọ̀n ewé rẹ̀ ṣubú. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sún síwájú, ó gbé agbọ̀n náà, iṣẹ́ ń lọ. Mo rí Akínṣọwọ́n lókèèrè, ní kòtò tí àwọn tó ti pẹ́ ti ń fún ewé. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti funfun. Òfin kò gbà kí ẹni tuntun sún mọ́ kòtò yẹn, nítorí náà mo ní láti di ẹnì kan kí n tó lè bá ọmọ ìyá mi sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá tó wà lórí wa ń jẹ́ Ẹlẹ́numéjì. Ẹnu kan ló fi ń jẹun, èkejì ló fi ń yin ara rẹ̀, àwọn méjèèjì kì í sì í sinmi. Mo ṣàkíyèsí pé ewé tí a bá kọ́kọ́ rẹ sínú omi tútù máa ń mú ìkúùkù wá ju èyí tí a fún bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdẹ ni mí, mo mọ ewé. N kò pariwo rẹ̀. Mo lọ bá Ẹlẹ́numéjì, mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tó sọ níjẹta nípa kí a máa rẹ ewé, mo ti dán an wò, ó sì dára gan-an. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan níjẹta. Ó wò mí, ó wo ewé, ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé yóò dára. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú un wọ ìgbìmọ̀, ó sì mú mi dání, nítorí kò mọ ohun tí òun tún máa sọ lọ́la.

Tíṣà, mo rí i bí o ṣe fa ojú ro. O ní ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló yẹ kó gba ìyìn. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣé mo ní kò yẹ ni? Àbúrò mi ń di èéfín, o fẹ́ kí n jókòó máa bá iwin du ìyìn. Ẹni tó bá máa mú ọ̀bọ, á ṣe bí ọ̀bọ. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí tó kù: nígbà tí mo fẹ́ fún un ní ọ̀rọ̀ kejì, mo kọ́kọ́ sọ ọ́ létí ẹlòmíràn tí kì í lè pa ẹnu mọ́. Ẹni yẹn ló wá ń sọ fún àwọn ìjòyè ní kọ̀rọ̀ pé orí tí Ẹlẹ́numéjì fi ń ronú, ọrùn Ọdẹ́rìnlọ ló wà. Ẹlẹ́numéjì ń gba ìyìn lọ, mo sì ń gba ọ̀nà.

Nídìí ògiri gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ ni mo ti bá bàbá arúgbó kan pàdé tí wọ́n ń pè ní Baba Ìdí-Ògiri. Ènìyàn bíi tiwa ni, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti di ìkúùkù dé ọrùn, orí rẹ̀ nìkan ló kù. Ó ti wọ ìlú náà ṣáájú gbogbo ènìyàn, kò sì ní oyè kankan. Ó sọ fún mi pé ìlú tí òun ti wá kò sí mọ́, pé kò sí ẹni tí yóò wá òun wá mọ́. Mo máa ń jókòó tì í, mo máa ń sọ fún un bí ayé ṣe rí níta, bí àgbàdo ṣe ṣe lọ́dún yẹn àti bí ẹ̀kọ gbígbóná ṣe ń rùn lówùúrọ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n sún mọ́ òun.

"O ń wo ẹnu wọn jù," ó wí. "Má wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Wo ẹni tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó sọ̀rọ̀."

Mo wò ó. Àṣé òótọ́ ni. Ọba wọn jókòó lókè bí òkìtì òwú, ó dijú. Ìyá kan tó ti gbó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tó ń pe Ìyá Alábẹ̀bẹ̀ yìí sí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń fi igun ojú wo ọwọ́ rẹ̀. Bí abẹ̀bẹ̀ bá rọra ń lọ, ọ̀rọ̀ wọn á máa dùn. Bí abẹ̀bẹ̀ bá dúró, ìjòyè tó ń sọ̀rọ̀ á yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà ní àárín méjì. Òun nìkan ló sún mọ́ ọba tó fi lè mọ̀ bó ṣe ń mí.

Àwọn kan ti mọ ìyẹn ṣáájú mi, wọ́n ti kó ẹ̀bùn kún yàrá rẹ̀ títí kò fi ráyè sùn, ó sì ń fojú àbùkù wo gbogbo wọn. N kò mú nǹkan kan lọ fún un. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé okùn àpò ọdẹ mi ti já, pé ojú mi kò gbé abẹ́rẹ́ mọ́ nínú òkùnkùn yẹn, kí ó jọ̀ọ́ bá mi rán an. Ó bú mi, ó ní ṣé òun ló bí mi ni. Ó rán an. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kọjá, á pè mí pé kí n wá kí òun wo okùn òun, bóyá ó ṣì le. Ẹni tó ti ṣe ọ́ lóore lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ kí oore òun ṣòfò, ó máa ń sún mọ́ ọ ju ẹni tí o ṣe lóore lọ. Ẹ lọ dán an wò.

Ó wá ku àwọn ìjòyè. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. N kò sọ ọ̀rọ̀ kan nínú ìgbìmọ̀ láì tíì sọ ọ́ nílé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn tẹ́lẹ̀, débi pé nígbà tí a bá fi jókòó, ọ̀rọ̀ ti parí nílé, ojú ayé lásán la ń ṣe. Àwọn méjì kan wà nínú wọn tí wọn kì í kí ara wọn, Olóríòkúta àti Ahọ́niná. Olúkúlùkù wọn á pè mí, á sọ ohun búburú tó mọ̀ nípa èkejì, á sì máa wò mí bóyá màá gbé e lọ. Inú mi ni gbogbo rẹ̀ ń kú sí. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì gbà pé kò sí ẹlòmíràn tí àwọn lè fọkàn tán ní gbogbo ìlú àfi èmi. Bí wọ́n ṣe fi mí joyè Ẹlẹ́tí Ọba nìyẹn. Wọ́n wé láwàní ìkúùkù lé mi lórí, ó tutù dé ọpọlọ, gbogbo ìlú wá ń kí mi. Lójú wọn, mo di ẹni ńlá. Lójú ara mi, mo dà bí ẹni tó ń fi ṣíbí gbẹ́ kànga.

Ọjọ́ tí mo joyè ni mo lọ sí kòtò Akínṣọwọ́n. Nínú ìkúùkù yẹn, òjìji lásán ni a jẹ́ sí ara wa, funfun ara rẹ̀ nìkan ló hàn, ohùn mi ló fi mọ̀ mí. Ó sunkún. Apá rẹ̀ ti funfun kọjá ìgúnpá, ó ń gbé e pamọ́ sẹ́yìn kí n má bàa rí i. Mo sọ òfin náà fún un, mo sì sọ ohun tí a máa ṣe. Ó ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, pé èmi kọ́ ni mo máa dọ̀bálẹ̀ fún òun. Mo sọ fún un pé ìyá wa ń dúró dè é. Mo sọ fún un pé onílẹ̀kùn ti di ọ̀rẹ́ mi, pé bí òun bá ti lọ, èmi náà á wá ọgbọ́n jáde lẹ́yìn rẹ̀. Irọ́ ni ìyẹn, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ó gbà. Mo ní kó fi ahọ́n kan irin ìbọn mi pé òun á dúró ṣánṣán, òun kò ní tẹ orúnkún, ó sì fi ahọ́n kàn án. A tilẹ̀ dán an wò níbẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, ó dúró, ó sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan títí mo fi dìde.

Ọjọ́ ìgbìmọ̀ dé. Ẹlẹ́numéjì ló dá a lábàá pé kí ọba lajú, ó sì dá a lójú pé èrò ọkàn òun ni. Ahọ́niná fara mọ́ ọn, Olóríòkúta fara mọ́ ọn, nǹkan tí ojú ìlú náà kò rí rí. Abẹ̀bẹ̀ ń lọ rọra. Gbogbo ìgbìmọ̀ fẹnu kò, ọba sì lajú.

Ìmọ́lẹ̀ ló jáde níbẹ̀, ó kún gbọ̀ngàn. Láti ìgbà tí mo ti wọ ìlú náà, n kò rí ara mi rí. Mo wo ọwọ́ mi, ọwọ́ arúgbó ni mo rí. Mo fa irùngbọ̀n mi wò, ó funfun látòkè délẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń kó àwọn ìjòyè wọ̀nyẹn jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ayé mi ló ń lọ, n kò sì mọ̀: ẹni tó ń fún ewé ń di ìkúùkù, ẹni tó fi ewé sílẹ̀ ń darúgbó. Akínṣọwọ́n dúró níwájú mi nínú ìmọ́lẹ̀ náà, ó ń wò mí, ojú rẹ̀ kò kúrò lórí mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wólẹ̀. Orúnkún mi kò tíì kan ilẹ̀ tí mo fi gbọ́ tí nǹkan balẹ̀ níwájú mi. Akínṣọwọ́n ló ti dọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe pé ó tẹ orúnkún, gbogbo àyà rẹ̀ ló wà nílẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan iyẹ̀pẹ̀, apá rẹ̀ tó ti di ìkúùkù nà síwájú mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti darúgbó," ó wí. "Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ẹ máa lọ sílé."

Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ó rò ó kó tó ṣe é, tàbí ara rẹ̀ ló ṣe é fún un. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde. Mo wo Ẹlẹ́numéjì, ó wo abẹ̀bẹ̀. Mo wo Ahọ́niná, mo wo Olóríòkúta, abẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń wò. Abẹ̀bẹ̀ ti dúró. Omi ń bọ́ lójú Ìyá Alábẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò mira. Ọba ní ẹni tó kẹ́yìn ti kí ẹni tó ṣáájú, òfin ti pé. Ó dijú, gbogbo ibẹ̀ sì tún ṣú.

Ní ìlú yẹn, ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ níwájú ọba ti sọ ara rẹ̀ di àbúrò; ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí ni pé ọjọ́ náà ni Akínṣọwọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú, pé èmi ni mo ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ṣí láwàní kúrò lórí mi. Wọ́n mú àbúrò mi lọ sí kòtò àwọn ẹni tuntun, wọ́n gbé agbọ̀n ewé lé e lọ́wọ́. Adégbìtẹ́, gbogbo ẹni tí mo fi ọgbọ́n mú ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó yẹ̀ kúrò lẹ́yìn mi, kò sí ẹni tó dà mí. Agbára tí mo kó jọ ṣí ojú ọba, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Kò lè di orúnkún ọmọ ìyá mi mú. Mo sọ èyí fún ọ kí o tó lọ máa lẹ fọ́tò ara rẹ mọ́ ògiri kiri.

Onílẹ̀kùn ṣílẹ̀kùn fún mi, kò bi mí ní nǹkan kan. Bí mo ṣe rìn dé ilé, n kò mọ̀.

Ìyá wa ṣì wà láàyè. Ìgbà ìlú yẹn kì í ṣe ìgbà tiwa: ewúrẹ́ tó lóyún nígbà tí mo ń lọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ́ ọmọ ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń pè mí ní bàbá, tí àwọn tí a jọ fi iyẹ̀pẹ̀ kọ́lé lọ́mọdé ṣì ń gun ọ̀pẹ. Ìyá wa wo irun mi, ó pè mí ní Akínwándé, orúkọ bàbá mi tó ti kú, ó ní ṣé ó ti wá mú òun ni. Mo sọ fún un pé èmi Ọdẹ́rìnlọ ni. Ó fi ọwọ́ pa mí lójú títí ó fi gbà.

"Ṣé o rí i?" ó bi mí.

Mo ní mo rí i.

"Ṣé ó kí ọ?"

"Ó kí mi, ìyá mi. Ó dọ̀bálẹ̀. Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí Akínṣọwọ́n ti lọ, n kò rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ọmọ mi kò tíì sọnù nígbà náà," ó wí. "Ó ṣì mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

N kò sọ èyí tó kù fún un. Kí iṣu tuntun tó jáde, ó ti lọ, èmi nìkan ni mo sì sin ín. Ibi tí mo bá ìtàn náà dé nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ fi kọ́gbọ́n, kó fi kọ́gbọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ fi sunkún, kó fi sunkún.